Owó Àánú àti Ìwádìí Àrùn Àtọ̀gbẹ: Ta Ni Yóò Jẹ Èso Rẹ̀?

 

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń wo àrùn sàn. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó tí àwọn ènìyàn fi àánú dá jọ kí a lè fi ṣe ìwádìí àrùn. Báwo ni a ṣe ń ná an? Ta ni ó ń pinnu bí a ó ṣe ná an? Ta ni ó sì ń jẹ èso rẹ̀ nígbẹ̀yìn? Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń náwó sí ìwádìí àrùn àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. JDRF ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 2024 ni ó ti ń jẹ́ Breakthrough T1D.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ń lọ. Mo gbà pé ẹgbẹ́ yìí ti ṣe iṣẹ́ ribiribi. N kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni jí owó. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé owó tí a fi àánú kó jọ ń di irúgbìn nínú oko ẹlòmíràn. Nígbà tí oko náà bá so, iye tí a ń ta èso rẹ̀ a máa ju agbára àwọn tí wọ́n dá owó náà lọ, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní ìbátan tí ń gún abẹ́rẹ́ àrùn yìí lójoojúmọ́. Nítorí náà, n kò lè ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí.

2. Orúkọ àrùn náà àti ìtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ àrùn yìí ní àtọ̀gbẹ mọ ohun tí wọ́n rí. À-tọ̀-gbẹ: ẹni tí ó bá ń ṣe a máa tọ̀ léraléra títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí òun náà yóò sì rù. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ rí ohun kan náà, nítorí pé ohun tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ni diabetes lédè wọn. Ẹ̀kọ́ òde òní ti fi yé wa pé àrùn náà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà wa ni oríṣi kejì, tí ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì mọ́ bí ó ti yẹ. Oríṣi kìíní yàtọ̀, ó sì lè kọlu ọmọdé àti àgbàlagbà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ni wọ́n ń kọjú ìjà sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlíìnì nínú pancreas, tí wọ́n sì ń pa wọ́n run. Ọmọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò lè wà láàyè láìgba ínsúlíìnì láti ìta lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, ni Frederick Banting àti Charles Best ti rí ínsúlíìnì ní ọdún 1921, nínú ilé-ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod ń ṣe àkóso rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ náà. Ti àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa. Lẹ́yìn tí James Collip ti yọ ìdọ̀tí inú oògùn náà kúrò, wọ́n tún un gún, ara ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ó tún lo ọdún 13 láyé kí ó tó kú ní 1935. Mo fẹ́ kí a fi iye ọdún yìí, 13, sọ́kàn, nítorí pé a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ní 1923, Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ wọn lórí àwárí náà fún Yunifásítì Toronto, dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan gba oògùn náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n èrò rere kì í ṣe àdéhùn. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe irú ínsúlíìnì tuntun, tí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ tuntun lé e lórí, èrò àwọn ará Toronto kò lè dè wọ́n. Ìgò Humalog kan, tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí dọ́là 21 ní Amẹ́ríkà ní 1996, ti di nǹkan bí dọ́là 275 kí ó tó di 2019. Ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é tó kéde pé òun yóò dín iye náà kù gidigidi. Láti inú ìtàn yìí ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ mi: bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ iye owó sínú àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀, àánú nìkan kò lè dáàbò bo èso náà.

3. Ẹgbẹ́ àwọn òbí

Ní ọdún 1970 ni àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn máa gún abẹ́rẹ́ títí ayé. Ìwòsàn pátápátá ni wọ́n ń wá. Wọ́n tọrọ owó lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n ṣètò ìrìn àánú tí tọmọdé tàgbà ń bá wọn rìn, wọ́n sì lọ bá àwọn aṣòfin. Láti ìgbà náà wá, owó tí ẹgbẹ́ náà ti ná sí ìwádìí ti lé ní bílíọ̀nù dọ́là méjì. Ní 2006, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ láti mú kí ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fún ni ní ínsúlíìnì máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́jà báyìí, oorun àwọn òbí púpọ̀ sì ti dùn sí i nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ yìí wé èésú àti àjọ tiwa. Nínú èésú, gbogbo ẹni tí ó ń dá owó mọ iye tí a dá, wọ́n mọ ẹni tí ó kàn láti kó o, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò kan àwọn náà. Nínú àjọ, gbogbo ọjà mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti alájọ. Bí ó bá mú ti ọjọ́ méjì, ariwo yóò sọ. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ aláàánú kì í ṣe èésú, nítorí pé ẹni tí ó dá owó kò retí láti kó o padà. Àmọ́ ohun kan wà tí ó ń retí, òun ni ìwòsàn. Nígbà tí ìwòsàn bá wá dé, ṣé yóò kàn án bí? Ìbéèrè yìí ni a kì í gbọ́ níbi ìrìn àánú.

4. Oògùn tí kò ní olówó

Ẹ̀dùn mi àkọ́kọ́ ni ti oògùn tí kò ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn. Ní ilé-ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, olùwádìí kan wà tí ń jẹ́ Denise Faustman. Ní 2001, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn eku tí àtọ̀gbẹ ń ṣe rí ìwòsàn. Ó wá dábàá pé abẹ́rẹ́ BCG, tí a ti ń lò fún ikọ́ ife láti 1921, lè ran ènìyàn lọ́wọ́ bákan náà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ BCG dáadáa. Òun ni abẹ́rẹ́ tí a ń gún ọmọ tuntun ní Nàìjíríà láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ JDRF kọ̀ láti fún obìnrin yìí lówó, ìwé-ìròyìn New York Times sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2004. Lee Iacocca, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler nígbà kan rí, tí àtọ̀gbẹ pa ìyàwó rẹ̀ ní 1983, ni ó bá a kó owó jọ.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní 2006, ẹgbẹ́ olùwádìí mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn sínú ìwé Science. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni díẹ̀ nínú àwọn eku náà sàn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí fún àlàyé tí ó ṣe nípa ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun ti wá. Ìdánwò rẹ̀ lára ènìyàn, tí ó tẹ̀ jáde ní 2012, kéré púpọ̀. Ní 2017, JDRF àti Ẹgbẹ́ Àtọ̀gbẹ ti Amẹ́ríkà jùmọ̀ kìlọ̀ pé ẹ̀rí kò tíì tó fún ẹnikẹ́ni láti máa gún BCG nítorí àtọ̀gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. N kò dá Faustman láre, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ohun tí mo ń sọ ni èyí. Oògùn tí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti tán, tí ẹnikẹ́ni sì lè ṣe, kò lè mú èrè wá. Nítorí náà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò ná owó láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí a mọ̀, kí àwọn òbí lè gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ta ni ó kù tí ó lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹgbẹ́ aláàánú? Bí ẹgbẹ́ aláàánú bá ń wo ohun tí ọjà yóò fẹ́ kí ó tó náwó, ó ti sọ ara rẹ̀ di alárìnà fún àwọn oníṣòwò. Bí ó bá sì kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, àwọn tí wọ́n dá owó ní ẹ̀tọ́ láti ka ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n dúró de oníròyìn.

5. Èso tí ọwọ́ kò tó

Ẹ̀dùn mi kejì ni ti iye owó. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ teplizumab, JDRF sì wà lára àwọn tí wọ́n fi owó ran ìwádìí rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2019, ènìyàn 76 ni ó kópa, oògùn náà sì sún ìbẹ̀rẹ̀ àrùn síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Fún ọmọ tí kò ì pé ọdún mẹ́wàá, ọdún méjì láìgún abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Iye tí ilé-iṣẹ́ Provention Bio fi lé e fún ọjọ́ 14 tí a fi ń gbà á ni dọ́là 193,900. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Sanofi ra ilé-iṣẹ́ náà ní dọ́là bílíọ̀nù 2.9. Ọmọ tí ó rìn níbi ìrìn àánú fún ogún dọ́là, kí ni ó kàn án nínú bílíọ̀nù wọ̀nyí?

Ó tún ku ti àwọn sẹ́ẹ̀lì. Douglas Melton ti Yunifásítì Harvard, tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní àrùn yìí, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà láti ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ínsúlíìnì nínú ilé-ìwádìí, ó sì ṣe àṣeyọrí ní 2014. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀, Semma, ní orúkọ àwọn ọmọ náà nínú, Sam àti Emma. Ní 2016, JDRF dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ń ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bí èyí, Semma sì wà lára wọn. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Vertex ra Semma ní dọ́là mílíọ̀nù 950. Àbọ̀ ìdánwò tí ó jáde ní 2025 wúni lórí: nínú ènìyàn 12 tí wọ́n gba òṣùwọ̀n oògùn náà ní kíkún, 10 kò nílò abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí ń dẹ ẹ̀ṣọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé a ti rí irú rẹ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ Vertex kan náà ni ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn, tí ń jà fún àwọn tí àrùn cystic fibrosis ń ṣe, fi owó ràn lọ́wọ́. Oògùn Kalydeco jáde ní 2012 ní nǹkan bí dọ́là 294,000 fún ènìyàn kan lọ́dún kan. Ní 2014, ẹgbẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ tí ó ní sí owó orí àwọn oògùn Vertex ní dọ́là bílíọ̀nù 3.3. Ẹgbẹ́ náà lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ní àwọn yóò fi ṣe ìwádìí sí i. Àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ púpọ̀ sì ń wo oògùn náà láti òkèèrè. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà.

6. Ìbéèrè tí kò sí ẹni tí ń béèrè

Ẹ̀dùn mi kẹta ni ó wúwo jù, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ní 2022, JDRF àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé ìṣirò ńlá kan jáde nípa àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní káàkiri àgbáyé. Wọ́n fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 8.4 ni ó ń bá a jà ní 2021. Wọ́n tún ṣírò iye ọdún tí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn náà lára rẹ̀ ṣì lè lò láyé. Ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ọdún 65 ni. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó tálákà jù, ọdún 13 ni.

Ọdún 13. Ọdún tí Leonard Thompson lò lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ tálákà ṣì dúró síbi tí ọmọkùnrin Toronto dúró sí ní 1922. Kì í ṣe àìsí ìmọ̀ ni ó ń pa wọ́n. Àìrí ínsúlíìnì rà ni, àìsí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, àti àìtètè mọ àrùn náà, tí wọ́n ń pè é ní ibà títí ọmọ yóò fi kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ kì í sábàá jẹ́ olówó gọbọi. Ínsúlíìnì kì í fẹ́ ooru, a sì ń sọ fún ènìyàn pé kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù. Ta ni ó ní iná mànàmáná tí kì í lọ? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn aláàánú tí ń jẹ́ Médecins Sans Frontières bá ìṣòro yìí pàdé ní àgọ́ Dadaab ní Kẹ́ńyà. Àwọn àti Yunifásítì Geneva fi ínsúlíìnì sínú irú ooru ibẹ̀, láàárín ìwọ̀n 25 sí 37, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àbọ̀ wọn jáde ní 2021: agbára oògùn náà kò dín kù. Àwọn olùwádìí mìíràn ti fi hàn pé ìkòkò amọ̀, irú àmù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tutù, lè bá ínsúlíìnì lé ooru. Ẹni tí ń gbé láàárín ìṣòro ni ó mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a béèrè.

Ẹ tún wo àtọ̀gbẹ tí ebi ìgbà èwe ń fà. Wọ́n ṣàlàyé irú rẹ̀ láti Jàmáíkà ní 1955; Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oríṣi àtọ̀gbẹ ní 1985, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní 1999. Ọdún 2025 ni àjọ àgbáyé fún àrùn àtọ̀gbẹ tó padà gbà á ní oríṣi karùn-ún. Àrùn àwọn tálákà ni. Kò ní ẹgbẹ́ àwọn òbí tí wọ́n lè lọ bá aṣòfin ní Washington.

7. Èsì àwọn tí ń ṣàkóso ẹgbẹ́

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn pẹ̀lú. Èkíní, wọ́n ní ìrìn àánú nìkan kò lè gbé oògùn kan láti ilé-ìwádìí dé ọjà. Owó rẹ̀ pọ̀ ju agbára ẹgbẹ́ lọ, bí wọn kò bá sì bá ilé-iṣẹ́ rìn, àwárí yóò kú sínú ìwé. Òótọ́ ni. Èkejì, èrè tí àpò owó wọn bá jẹ, inú iṣẹ́ náà ni ó ń padà sí. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe àwọn onímọ̀ nìkan ni ó ń yẹ ìwé àwọn tí ń tọrọ owó wò; àwọn òbí àti àwọn aláìsàn wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ní 2022 wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ti Civica lẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tí kò wá èrè, tí ó kéde pé òun yóò ta ìgò ínsúlíìnì kan ní ohun tí kò ju dọ́là 30 lọ.

Mo gba gbogbo èsì wọ̀nyí wọlé. Síbẹ̀, ti Civica yìí gan-an ni ó gbè mí lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe láti sọ iye tí a ó ta ínsúlíìnì kí a tó ṣe é, kí ni ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe láti sọ ti teplizumab àti ti sẹ́ẹ̀lì Melton? Bí àdéhùn kankan bá wà láàárín ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́, kò dí dọ́là 193,900 lọ́wọ́.

8. Àbá

Mo ní àbá mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ aláàánú máa tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ní èdè tí ìyá ọmọ lè kà, iye tí ó lọ sí ìwádìí, iye tí ó lọ sí iṣẹ́ mìíràn, àti ìdí tí a fi kọ àwọn iṣẹ́ kan. A lè fi orúkọ olùwádìí pa mọ́. Èkejì ni pé kí owó má ṣe jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ kankan láìsí àdéhùn lórí iye tí a ó ta èso rẹ̀ ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ àti ní ilẹ̀ tálákà. Ẹ̀kẹta ni pé kí a ya ìdámẹ́wàá owó ìwádìí sọ́tọ̀ fún àwọn ìbéèrè tí kò ní èrè nínú: oògùn àtijọ́, ìkòkò amọ̀, àyẹ̀wò kíákíá ní ilé-ìwòsàn abúlé. Kí àwọn tí ìṣòro náà ń bá fínra sì wà níbi tí a ti ń pín in.

Ẹ̀kẹrin kàn wá. A kò lè jókòó sí Nàìjíríà kí a máa bá àwọn òbí Amẹ́ríkà jà lórí owó tí àwa kò dá. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń dá èésú fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ẹgbẹ́ mélòó ni a dá fún ìwádìí àrùn? Àwọn yunifásítì wa ní oníṣègùn, wọ́n ní onímọ̀ oògùn, wọ́n sì ní wa, àwa tí a mọ̀ bí a ṣe lè sọ àmì àtọ̀gbẹ ọmọdé fún ìyá ní èdè tí yóò fi yé e kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Ẹni tí ó bá dá owó sí àjọ ni ó lè bi alájọ léèrè láìfòyà.

9. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn òbí kò lè ṣe ìwádìí. Àwọn onímọ̀ kò lè ṣe é láìsí owó àwọn òbí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé ohun kan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, kò yẹ kí ẹlòmíràn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ọmọ tí ebi ń pa. Kí a kọ orúkọ ọmọ náà sínú àdéhùn kí a tó nawọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn sí gbogbo ẹgbẹ́ tí ń fi àánú kó owó jọ, níbi gbogbo tí wọ́n bá wà.